Mo Fẹ́ Gba Owó Orí Lórí Owó Gbà-Máà-Bínú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù, kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Ìdógun lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i pé wọ́n ti ṣí páànù ògbólógbòó orí ilé náà kúrò, wọ́n ti fi tuntun kàn án, ó ń kọ mọ̀nà lójú oòrùn. Mo rí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tuntun lábẹ́ àtíbàbà. Mo ṣí fìlà, mo rẹ́rìn-ín sí ìyá tó jókòó lẹ́bàá ẹ̀rọ náà, mo ní, "Ẹ kú oríire o, Ìyá. Olúwa á jẹ́ kí irú rẹ̀ máa pọ̀ sí i."

Ọmọbìnrin ìyá náà tó ń da ẹ̀gẹ́ sínú ẹ̀rọ pa á, ó wò mí, ó sì wọlé lọ. Nígbà tí ibẹ̀ pa rọ́rọ́ tán ni ìyá náà sọ fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣe irú àdúrà yẹn fún wa mọ́."

N ò mọ̀ pé owó gbà-máà-bínú ni wọ́n fi ra páànù yẹn. Ọ̀kan lára àwọn tó gbé ọmọ náà lọ tà lókè òkun ló san án. Èmi wá dúró síbẹ̀, mo ń gbàdúrà pé kí irú rẹ̀ máa pọ̀ sí i. Èyí tó burú jù ni pé lẹ́yìn àdúrà náà, mo yọ bírò, mo sì bu owó orí lé wọn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ wọ iṣẹ́ ìjọba, mo fẹ́ sọ fún yín bí ènìyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́ débi pé á mọ òrùlé wò ju àwọn tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀ lọ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Èdè Ọ̀wọ̀ ni mo fi ń ronú, Yorùbá inú ìwé ni mo fi ń kọ èyí, nítorí náà bí gbólóhùn kan bá wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe kí ẹ máa kà á lọ.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ ò gùn rárá. Lọ́dún 1984, àbúrò bàbá mi gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó lè gun kẹ̀kẹ́, tó sì lè kọ nọ́ńbà tó ṣeé kà. Mo lè ṣe méjèèjì. Owó oṣù kéré, ìgbà mìíràn kì í sì í dé. Ó tán.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ ni ìtàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Ajíbádé lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ kóòtù nínú ooru, tí kì í làágùn. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi jẹ́ kí n máa tẹ̀ lé òun kiri láì jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé. Tí a bá dé iwájú ilé kan, á ní kí n wò ó. Lẹ́yìn náà á ní kí n kẹ̀yìn sí i.

"Òrùlé?"

"Páànù ni, sà."

"Ó dípẹtà àbí kò dípẹtà?"

"Ó dípẹtà lápá kan, sà."

"Apá wo?"

N ò mọ̀. Mo fẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó di orí mi mú.

"Apá tí kò dípẹtà lowó wà. Bí o bá ti ń wo ojú onílé, kò sí bí wàá ṣe rí i. Ojú onílé á máa sunkún fún ọ, òrùlé kì í sunkún."

Ohun tó ń kọ́ mi nìyẹn, torí pé kò sí àgbẹ̀ kan ní gbogbo Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ tó máa fẹnu ara rẹ̀ sọ iye tó rí lórí kòkó fún agbowó orí. Ojú la fi ń bù ú. A máa wo òrùlé, a máa wo iye àdògán tó wà lẹ́yìnkùlé, a máa wo àgbá omi, a máa wo bóyá ewúrẹ́ ilé náà sanra. Lẹ́yìn náà la ó kọ iye tí a rò pé onílé ń rí lọ́dún, a ó sì yọ ti ìjọba níbẹ̀. Bí ẹni náà bá ní irọ́ ni, kó wá sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀.

Ọ̀gá Ajíbádé ò gbà kí a mu omi nílé tí a kò tíì bu owó orí fún. Ó ní ẹni tó ti mu omi onílé kò lè rí òrùlé rẹ̀ dáadáa mọ́. Mo pa òfin yẹn mọ́ débi pé lọ́jọ́ kan ní Ìmèrí, òùngbẹ gbẹ mí, òòyì kọ́ mi, mo ṣubú gbì níwájú ilé ẹni tí mo fẹ́ bu owó orí fún. Onílé sáré bu omi fún mi, mo sì mu ún tán. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, Ọ̀gá Ajíbádé gba fáìlì ilé náà lọ́wọ́ mi.

"O ti mu omi wọn."

"Mo dákú ni, sà."

"Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ dákú. Na ọwọ́."

Rúlà onígi ló fi ń lù mí lọ́wọ́. Mo ti bí ọmọ méjì nígbà náà.

Ẹ̀rù tún ń bà mí lórí iṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Ajá ń bà mí lẹ́rù. Àdá ń bà mí lẹ́rù. Àwọn obìnrin tí wọ́n bá dúró ní mẹ́ta-mẹ́ta tí wọn ò sọ̀rọ̀ ń bà mí lẹ́rù ju àdá lọ. Mo ti gun igi máńgòrò rí pẹ̀lú báàgì ìjọba lọ́rùn, ewúrẹ́ ló sì lé mi débẹ̀, kì í ṣe ajá. Débọ́rà ìyàwó mi máa ń wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi tó ya tí mo bá délé, á ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, mo rò pé ìwọ lo ń lé wọn ni. Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ iṣẹ́ yẹn ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ṣírò, ẹ bá wa wo ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńsù aláró la fi ń kọ rìsíìtì, èyí tí a gbọ́dọ̀ fi ahọ́n tọ́ kó tó kọ. Bí ọjọ́ bá fi máa rọ̀, ètè gbogbo wa á ti di búlúù. Tí ẹ bá rí ọkùnrin tí ètè rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ní Ẹlẹ́gbẹ́kà, ẹ sá wọ oko. Bébà kábọ̀n la fi ń ṣe ẹ̀dà; bí ọwọ́ bá kan án, gbogbo aṣọ ló kàn. Nígbà tó yá, wọ́n fún wa ní alùpùpù kan láti máa pín lò, kẹ̀kẹ́ sì sinmi. Kàkúlétọ̀ náà dé. Ọ̀gá Ajíbádé á tẹ̀ ẹ́, á wo ìdáhùn, á wá fi ọwọ́ ṣe ìṣirò náà látìbẹ̀rẹ̀ láti mọ̀ bóyá kò parọ́. Nígbà tí mo fi ń múra àtifẹ̀yìntì, kọ̀ǹpútà kan ti wà ní ọ́fíìsì ńlá tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún wa. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó bíi tábìlì oúnjẹ alẹ́ Olúwa, n ò sì rí ẹni tó ṣí i rí.

Àmọ́ ojú kan náà la fi ń wo òrùlé, àtìgbà pẹ́ńsù títí di ìgbà kọ̀ǹpútà.

Mo ní láti sọ ti Ẹlẹ́gbẹ́kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í fẹ́ sọ ọ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan ni. Owó ò wọlé dáadáa, àwọn tó wà lókè sì ní kí a lọ dènà ọ̀nà oko láàárọ̀, kí a mú gbogbo ọkùnrin tí kò bá ní ìwé owó orí lọ́wọ́. Wọ́n fún wa ní ọlọ́pàá. Ibi tí mo dúró sí ni ẹ̀yìn mọ́tò, torí pé ẹ̀yìn mọ́tò ni mo máa ń dúró sí. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe yọ pẹ̀lú ọkọ́ àti àpò, ẹnìkan pariwo pé, "Wọ́n ti dé o!" Gbogbo rẹ̀ sì dàrú. Gbogbo ènìyàn ń sá.

Àwọn kan kò sá o. Wọ́n yọ àdá, wọ́n kọjú sí mọ́tò. Èmi náà bá sá. Mo gba ẹ̀yìn ilé ìwé, mo ń sá bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń nà ní pàṣán, ni mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ké nísàlẹ̀ ilẹ̀ níwájú mi. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò ṣáláńgá kan síbẹ̀, wọn ò tíì bò ó. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà já lé ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ lórí.

Mo dá a mọ̀. Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó. Ìbàdí rẹ̀ ti kán. Nígbà tí a gbé e jáde, fìlà rẹ̀ bọ́, ìwé owó orí ọdún yẹn sì jábọ́ láti inú rẹ̀, èyí tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ mi kọ.

Mo ní, "Sámúẹ́lì, o ti san tìẹ! Kí ló dé tí o fi sá?"

Ó fi eyín ge ètè, ó ní, "Gbogbo ayé ló ń sá, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n dúró kí n máa wá fìlà?"

Kò rìn dáadáa mọ́. Igbó bo oko kòkó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sílé bàbá rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Ajíbádé mú mi lọ sílé Sámúẹ́lì. A dúró níwájú rẹ̀, ó ní kí n kẹ̀yìn sí i.

"Òrùlé?"

"Ó ń jò, sà. Apá òsì ti wó."

"Kọ ọ́ pé kò ní nǹkan kan."

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kì í kọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ni. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó sọ̀rọ̀ kan láì wo ojú mi. Ó ní, "Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń wo ohun tí ènìyàn ní. N ò kọ́ ọ bí a ṣe ń wo ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ wọn. N ò mọ̀ ọ́n ni." Ọdún yẹn ló fẹ̀yìntì. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, mo sì gbàgbé rẹ̀, bí a ṣe máa ń gbàgbé ohun tí kò sí nínú ìwé ìlànà iṣẹ́.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo dé Ìdógun lẹ́yìn ọdún mélòó kan, páànù tuntun nìkan ni mo rí. Mo kọ ọ̀dọ́bìnrin náà sílẹ̀ bí oníṣòwò ńlá. Mojí lorúkọ rẹ̀. Iye tí mo bù lé e pọ̀ débi pé àfi kí wọ́n ta ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ yẹn kí wọ́n tó lè san án, bí wọn ò bá sì san án, àwa fúnra wa la máa wá gbé e.

Ìyá rẹ̀ gbé ìwé náà wá bá mi ní ọ́fíìsì ní Ọ̀wọ̀. Kò jókòó. Ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé náà mú, ó sì sọ ohun tó yẹ kí n ti béèrè kí n tó yọ bírò.

Ọkùnrin kan wà ní Ọ̀wọ̀ tó ní mọ́tò tó pọ̀. N ò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, wọn ò sì ṣẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọlọ́kọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wá sí Ìdógun, tó ní òun fẹ́ mú Mojí lọ kọ́ iṣẹ́ irun lókè òkun. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Mojí nígbà náà. Ọkọ̀ Ọlọ́kọ̀ ló gbé e lọ, Ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ló wà á dé ẹnu ibodè, ibẹ̀ ló sì ti fà á lé àwọn mìíràn lọ́wọ́. Kò sí iṣẹ́ irun kankan. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń lò ó kí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ tó kó wọn dà sínú bàlúù padà sílé.

"Kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀, sà," ni ìyá náà wí. "Ẹ̀rọ yẹn nìkan ló fẹ́ràn. Ó ní tó bá ń pariwo, òun kì í gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa òun."

Ọlọ́pàá mú Ọlọ́kọ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò padà wálé mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Fadá ìjọ wọn àti àwọn àgbà Ìdógun, tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́kọ̀ ní Ọ̀wọ̀, ojoojúmọ́, láì bú u, láì jẹun níbẹ̀, títí ìtìjú fi mú un san gbà-máà-bínú. Owó yẹn ló di páànù àti ẹ̀rọ.

Ìyá náà ní, "Bí ẹ bá ti kọ ọ́ pé èrè ni, sà, kí lẹ fẹ́ ká sọ pé ó tà kó tó jèrè?"

Mo mú fáìlì náà lọ bá ọ̀gá wa tuntun, ọmọkùnrin kan tó jáde yunifásítì, tó mọ ìwé dáadáa, tí n kò sì lè bú, torí pé ó ń ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni. Mo ní mo fẹ́ fagi lé owó tí mo bù. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó sì fa fáìlì mìíràn yọ. Ti Ọlọ́kọ̀ ni.

Ọlọ́kọ̀ ti kọ owó gbà-máà-bínú yẹn sí ara ìnáwó òwò rẹ̀. Ẹ kíyè sí i dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Oníṣòwò a máa yọ owó epo, owó táyà, owó ọmọ iṣẹ́ kúrò nínú ohun tó pa lọ́dún, ìyókù la fi ń bu owó orí fún un. Ọlọ́kọ̀ ní kí a yọ owó Mojí náà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tuntun ní, "Bàbá, owó tó bá kúrò nínú èrè ẹnìkan, inú èrè ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ wọ̀. Bí a bá gbà fún ọkùnrin yìí pé ìnáwó òwò ni, a gbọ́dọ̀ gba owó orí lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà."

"Bí a ò bá wá gbà fún ọkùnrin náà ńkọ́, sà?"

Ó wò mí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún un?"

Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn mi. Ó ní kí ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀hónú owó orí, kí èmi sì wá ro ẹjọ́ ọ́fíìsì níbẹ̀. Ìdájọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ṣe lórí àwọn méjèèjì: bóyá òwò ni, àbí òwò kọ́.

Ọlọ́kọ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo rí mọ́tò rẹ̀ tó ń bọ̀ ní àdúgbò wa, mo sì sá wọ ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní pálọ̀.

"Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ kú ilé. Ọ̀gá wa ńkọ́?"

"Wọn ò sí nílé o, bàbá."

Bàtà mi méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọjú síra wọn bí ẹni ń ṣe ìpàdé.

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ bá mi kí bàtà wọn. Ẹ ní mo gbé ìrẹsì wá, kò pọ̀."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e padà. Ilé wa kò ní ibi tí a ó kó o sí."

Nígbà tí mọ́tò náà lọ tán, Débọ́rà wá dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Mo retí pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Jáde, ó ti lọ. Ọmọ Ìdógun yẹn wà lọ́dọ̀ àwọn tó rà á fún ọdún mẹ́ta, kò rí ilé ìwẹ̀ tó nílẹ̀kùn tó lè tì." Ó lọ dáná.

Mo lọ síwájú ìgbìmọ̀.

Alága wọn ni Alhaji Ràájí, aránṣọ ní àárín ìlú, tó máa ń gbàgbé okùn ìwọ̀n sí ọrùn wá sí ìpàdé. Ọlọ́kọ̀ wọ aṣọ òkè, ó mú ọ̀mọ̀wé aṣírò-owó rẹ̀ lẹ́yìn. Mojí àti ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mojí ń wo ilẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé láti òkè òkun, n ò tíì gbọ́ pé ó sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Aṣírò-owó náà sọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán. Ó ní ọ̀gá òun ń fi mọ́tò kó èrò, òwò tí ìjọba mọ̀ ni. Ó ní èrò ọkọ̀ ni ọ̀dọ́bìnrin yìí, ìyà sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìrìnàjò tí ọkọ̀ náà gbé e. Ó ní bí táyà bá bẹ́ tí èrò bá fara pa, ṣebí ọlọ́kọ̀ á san gbà-máà-bínú, ṣebí ìnáwó òwò sì ni? Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ń mi orí pé òótọ́ ni. Ẹ má bú wọn. Bí ẹ bá gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin náà á mi orí.

Alhaji Ràájí yíjú sí mi. "Kí ni ìwé òfin yín sọ?"

Mo dìde.

Mo ní, "Alhaji, ìwé òfin sọ̀rọ̀ nípa owó tí wọ́n bá san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí wọ́n tà. Mo wá a. N ò rí i."

"Ohùn rẹ ń gbọ̀n."

"Ara mi ló ń gbọ̀n, sà. Ohùn mi kàn tẹ̀ lé e ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, mo sì sọ èyí tó kù. Mo ní, "Èmi ni mo bu owó orí yẹn lé e. Òrùlé ni mo wò. N ò béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi fagi lé e."

Ọ̀gá wa tuntun dìde, ó ní òun gbà bí ìgbìmọ̀ bá lè sọ pé ìnáwó òwò kọ́ ni ti Ọlọ́kọ̀, nítorí a kò lè pè é ní òwò lápá kan kí a má pè é bẹ́ẹ̀ lápá kejì. Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa kọ̀ fún un lójúkojú. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń wọ mọ́tò rẹ̀. Alhaji Ràájí ń fa okùn ìwọ̀n tó wà lọ́rùn rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni Mojí dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kíákíá, kí n lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín bó ṣe sọ ọ́. Aṣírò-owó ká ìwé rẹ̀ kò. Ọlọ́kọ̀ dìde láì kí ẹnikẹ́ni, ó sì ní òun ò béèrè kí wọ́n yọ owó náà mọ́. Ìgbìmọ̀ fagi lé èyí tí mo bù lé Mojí, kò sì sí ẹni tó tún gbé e dìde títí mo fi fẹ̀yìntì ní 1999. Ẹ̀rọ náà kò kúrò ní Ìdógun. Iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ lọ ṣe é. Ó ń fẹ́ ẹni tó lójú tó sì létí.

Mojí ò pariwo. Kò wo Ọlọ́kọ̀, èmi tí mo mú bírò lọ́wọ́ ló wò. Ó ní:

"Bàbá, wọ́n ní èrò ọkọ̀ ni mí. Èrò a máa san owó ọkọ̀. Kò sí ẹni tó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹrù ni ẹlòmíràn ń san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ òwò náà fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo wa. Bí wọ́n bá ti lè dárúkọ rẹ̀, èmi náà á san owó orí tèmi."